Ọmú Sìkírátù Tí Wọ́n Sin Kí A Tó Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tí ẹ ò ní fẹ́ gbọ́: iṣẹ́ tí èmi ṣe, òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára. Fọ́málìn ni omi tí a fi ń ṣe é, òun ni kì í jẹ́ kí ẹran ara rà, ó sì máa ń ta ènìyàn lójú títí omi á fi bọ́. Bí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, àwọn èrò á rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkọ mi, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé òun fẹ́ ìyàwó ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni òun ń sùn tì. Ẹ̀rín la fi ń rín nígbà náà.

Màríámù ni orúkọ mi. Àwọn òbí bàbá mi ló ti Ìlọrin wá ta aṣọ ní Sábó, nínú Zaria níbí, a ń sọ Yorùbá nínú ilé, a ń sọ Háúsá lẹ́nu ọ̀nà. Láàbù ilé ìwòsàn ńlá kan ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé nǹkan lára aláìsàn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. A ó rẹ ẹ́ sínú fọ́málìn, a ó fi ìda gbígbóná dì í kí ó lè le bí ọṣẹ, a ó gé e kí ó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, a ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a ó sì rẹ ẹ́ láró. Lẹ́yìn náà ni dókítà á fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, tí á sọ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe é. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn: mo kọ̀wé, wọ́n pè mí. Owó oṣù ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Ohun tí mo jókòó láti sọ ni ti àbúrò mi, Sìkírátù. Ohun kan ṣoṣo ló nílò lọ́wọ́ iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́: kí a mọ irú jẹjẹrẹ tó wà lára rẹ̀ nígbà tí mímọ̀ náà ṣì lè gbà á là. Mo ti ṣe é fún ọmọ ẹlòmíràn lọ bẹẹrẹ. Ó ń dùn mí gan-an bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Yòhánà, ọmọ ìhà gúúsù Kàdúná, ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó le koko. Ọ̀pọ̀ oṣù ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohunkóhun tó jáde lára ènìyàn. Ọ̀bẹ ni mo ń pọ́n. Ọ̀bẹ irin ńlá la fi ń gé nǹkan nígbà náà, a ó da òróró sórí òkúta, a ó máa fà á lọ, a ó máa fà á bọ̀, títí apá á fi kú. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá ya níbì kan báyìí, ilà á fà gba àárín ohun tí a gé, dókítà ò sì ní rí nǹkan gidi kà. Bàbá Yòhánà á fa irun kan tu ní orí ara rẹ̀, á fi kan ẹnu ọ̀bẹ mi. Bí irun náà kò bá gé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á kàn sọ pé, "Koma." Padà síbi òkúta. Ìgbà míì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àkókò ìrun, ebi á ti máa pa mí, mo á sì máa ṣépè fún un nínú mi ní Yorùbá, nítorí kò gbọ́ ọ.

Ẹnì kan wà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìgò kan dání, ó bèèrè pé, "Baba, ina zan ajiye wannan naman?" Ó fẹ́ mọ ibi tí òun máa gbé ẹran náà sí. Bàbá gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ba nama ba ne," ó ní. "Mutum ne. Fita waje." Kì í ṣe ẹran, ènìyàn ni, bọ́ síta. Inú oòrùn lọ̀rẹ́ mi dúró sí títí a fi ṣíwọ́. Mo bínú sí Bàbá, mo ní ìwà ìkà ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún fi ẹnu yẹpẹrẹ pe nǹkan kan nínú láàbù wa.

Òfin rẹ̀ kejì le ju ìyẹn lọ. Bí nǹkan bá ti wọlé láti yàrá iṣẹ́ abẹ, a kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ìyá ẹni ló dé sẹ́nu ọ̀nà, kí nǹkan náà tó wà nínú fọ́málìn. Ó ní tí a bá ti gé ẹran ara kúrò lára ènìyàn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn, bó bá sì ti ń kú ni ohun tó fẹ́ sọ fún wa ń parẹ́. Ọmọ Ìlọrin ni mí, ìkíni wà lára mi bí aṣọ, nítorí náà ìyà òfin yìí jẹ mí. Ìyá àgbàlagbà kan dúró níwájú mi rí tó ń kí mi ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, èmi ò dáhùn, mo ń sáré wá ìgò. Ó lọ sọ ọ́ kiri Sábó pé ọmọ Alhájì ti ya ọ̀yájú.

Ẹ ò ní gba ohun tí wọ́n fi ń gbé nǹkan wá bá wa gbọ́. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ní àwọn ìlú tó yí wa ká á gé e, wọ́n á sì ní kí mọ̀lẹ́bí máa gbé e lọ sí Zaria fúnra wọn. Ọkùnrin kan wọ mọ́tò láti òwúrọ̀ tòun ti ọmú ìyàwó rẹ̀ nínú ìgò sóbò, omi iyọ̀ ló rọ sí i. Òmíràn rẹ tirẹ̀ sínú oyin, ó ní oyin kì í bàjẹ́. Òmíràn kò fi omi kankan sí i, ó fi ewé dì í. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi gbé e wá, òórùn á sì ti ṣíwájú wọn wọlé.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́ nínú iṣẹ́ náà ni ọjọ́ orí wọn. Nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa, obìnrin òyìnbó tí irun rẹ̀ ti funfun ló wà nínú àwòrán jẹjẹrẹ ọmú. Àwọn tiwa ṣì ń fún ọmọ lọ́mú. Ìyàwó olùkọ́ yunifásítì kan láti Sámárù wá bá wa nígbà tí gbogbo àyà rẹ̀ ti le bí òkúta. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́, ó ní òun kà á pé àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ìwé tó kà kò parọ́. Wọn ò kàn ro ti obìnrin bí i tirẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni kálukú ní Zaria ní ẹni tó ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ní Sábó wọ́n á ní ọkùnrin Háúsá ló ń fi ìyàwó pamọ́ sílé. Nínú Birni, ìlú àtijọ́ tó wà nínú odi, wọ́n á ní àìsàn àwọn ará gúúsù ni, tí kì í fún ọmọ lọ́mú pẹ́. Èmi tí gbogbo wọn ń bá lórí tábìlì kan náà, mo mọ̀ pé kálukú ló ní bó ṣe ń pẹ́. Obìnrin Birni á dúró de ìyọ̀ǹda, ìtìjú á sì mú un débi pé kò ní dárúkọ ibi tó ń dùn ún. Àwa Yorùbá ńkọ́, tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé? A ó gbàdúrà sí i. A ó mu àgbo sí i. Ẹ̀gbọ́n kan á ti Ìlọrin gbé ìpara dé. Bí ó bá wá ti jẹrà tán, a ó ní kí wọ́n má dárúkọ burúkú lé wa lórí.

Mo bi Dókítà Fọlákẹ́ léèrè nígbà kan. Òun ni olórí àwọn tó ń wo gíláàsì wa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ọmọ Èkìtì, tí mi ò rí kí ó jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Mo ní, "Dókítà, wọ́n ní ti àwa adúláwọ̀ burú ju ti òyìnbó lọ. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wa ni?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Àǹtí Màríámù, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lápá kan. Irú kan wà tó gbóná, tó ń tètè pa obìnrin, àwa ló pọ̀ jù lára, ó sì pọ̀ lára àwọn dúdú tó wà ní Amẹ́ríkà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ń rí ohun tó ń wọlé. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá. Ẹran ara ti bàjẹ́ lọ́nà kó tó dé ọwọ́ yín. Èyí tó ti bàjẹ́ kì í gba aró dáadáa, á sì dà bí irú tó gbóná yẹn nígbà tí kì í ṣe é. Tí wọ́n bá wá kà wá pọ̀, wọn ò mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n ń kà tàbí ìyà wa."

Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ sunkún fún.

Irinṣẹ́ wa yí padà. Ọ̀bẹ tí à ń pọ́n wábi gbà, abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń lò sọ nù ló rọ́pò rẹ̀. Bàbá Yòhánà ti fẹ̀yìntì nígbà náà, ó yà kí wa, ó mú ọ̀kan dání, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Yanzu kowa zai iya," pé báyìí kò sí ẹni tí kò lè ṣe é. Ó dà bí ẹni pé inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ẹ̀rọ tí ń fi nǹkan sínú ìda fúnra rẹ̀ náà dé, bí iná bá sì lọ, àwa la máa ń padà fọwọ́ ṣe é.

Ṣùgbọ́n aró tuntun ló yí ayé obìnrin padà. Jẹjẹrẹ ọmú kan wà tó jẹ́ pé èròjà ara obìnrin, èyí tó ń mú nǹkan oṣù wá, ni oúnjẹ rẹ̀. Bí a bá fi aró náà sí irú yẹn, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí tíì. Ẹni tó bá ní i, oògùn oníhóró kan wà tí kò wọ́n, tó ń fi ebi pa jẹjẹrẹ náà, obìnrin sì lè fi lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Èyí tí kò bá pọ́n, tó bá kàn dúró bí búlúù, hóró náà kò ràn án. Oògùn líle tí wọ́n ń pè ní kímò, èyí tí wọ́n ń fà sí iṣan, ni wọ́n gbọ́dọ̀ tètè fún un, kí wọ́n má fi ọjọ́ ṣòfò. Ẹ̀yin náà ti rí i: ìyàtọ̀ àwọ̀ méjì yẹn ni ìyàtọ̀ ẹni tó lè dúró àti ẹni tí kò gbọdọ̀ dúró.

Sìkírátù ni àbíkẹ́yìn ìyá wa, aláwàdà, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ó fẹ́ Sánúsí, ọmọ Birni tó ń fọwọ́ ránṣọ fìlà. Mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, mo ní odi ìlú yẹn á gbé àbúrò mi mì. Mo ṣì í rò. Ọkùnrin náà ń pọnmi fún un nígbà tó lóyún Áísà, àkọ́bí wọn, títí àwọn ará àdúgbò fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọjọ́ Sálà kan mo lọ kí wọn. Mo rí i pé Sìkírátù ń fi apá ọ̀tún nìkan gbé abọ́.

"Sìkí, kí ló ṣe apá ẹ?"

"Kò sí nǹkan, Àǹtí. Wọ́n ti yọ ọ́."

"Wọ́n yọ kí ni?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó gbé híjáàbù rẹ̀ sókè díẹ̀. Apá òsì àyà rẹ̀ ti di pẹlẹbẹ. Ojú ọgbẹ́ náà ti jinná. Ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Dàkàcì ló ti ṣe é kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé ó ti tán.

"O ò wá sọ fún mi? Èmi tí iṣẹ́ mi nìyí?"

"Nítorí iṣẹ́ yín náà ni, Àǹtí," ó sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. "Gbogbo ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, kánsà lẹ máa ń rí. Mo ní tí ọwọ́ yín ò bá tíì kàn án, ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Wallahi, ẹ̀rù yín ló bà mí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣe sí ọmú náà, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, èsì rẹ̀ dà. Sánúsí tó ń gbé omi bọ̀ fún mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ láti fi mí lọ́kàn balẹ̀.

"Yaya, ki kwantar da hankalinki," ó ní. "Mun binne shi da mutunci."

Wọ́n ti sin ín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó wá ń sọ fún mi bí wọ́n ṣe ṣe é, ó sì hàn pé inú rẹ̀ dùn pé kò sí ohun tí òun fi sílẹ̀. Wọ́n gbé e fún un nínú ọ̀rá níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ. Bàbá Sánúsí fọ̀ ọ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ìyá rẹ̀, kí ó má lọ jẹ́ orí ààtàn ni ara ìyàwó òun á bọ́ sí.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Mo mọ àṣà náà. Nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá tiwa, àwa náà sin ín ní Sábó. Nínú láàbù wa, ojoojúmọ́ la ń gbé e fún àwọn mọ̀lẹ́bí kí wọ́n lọ sin ín, ṣùgbọ́n a ti kọ́kọ́ mú bíńtín nínú rẹ̀. Bíńtín bí èékánná, ìyẹn ti tó, ìyókù lè lọ sí ibojì. Níbi tí wọ́n ti ṣe ti Sìkírátù, kò sí ẹni tó mú bíńtín náà. Kò sì sí ẹni tó sọ fún Sánúsí pé ó yẹ kí wọ́n mú un.

Mo ní, "Allah ya saka da alheri," pé kí Ọlọ́run fi oore san án. Mo dìde, mo jáde sí sóró, yàrá àbáwọlé ilé wọn, mo fara ti ògiri amọ̀ níbẹ̀. Mo sunkún. Mo fẹ́ wá ẹni tí mo máa bú, mi ò rí.

Mo mú Sìkírátù lọ bá Dókítà Fọlákẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílé lẹ́yìn Sálà. Dókítà tẹ ibi gbogbo lára rẹ̀ wò, kò rí kókó kankan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí a fẹ́ rẹ láró. Ohun tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ kò lè sọ nǹkan kan mọ́.

"Sìkírátù, mi ò ní tàn ẹ́," Dókítà sọ. "Bí ó bá jẹ́ irú tó ń jẹ èròjà obìnrin, hóró yìí á gbà ẹ́. Bí kì í bá ṣe òun, hóró yìí ò ní ṣe nǹkan kan. Mi ò mọ èyí tó jẹ́. Ó dára ká fi kímò kún un."

Sìkírátù kọ kímò. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé ó ti tán, kí ló tún kù tí òun fẹ́ fi irun orí òun san? Hóró náà ló gbà. Ó ń lò ó déédéé, kò sì jẹ́ tàsé rẹ̀ rí. Ó sanra padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í po fùrà tà láti inú ilé, ó sì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé òórùn mi lè ba fùrà òun jẹ́. Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbọ́. Mo ní bóyá Ọlọ́run ti bá wa yan èyí tó dára nínú méjèèjì.

Ọdún kejì rẹ̀ ni kókó yọ ní ọrùn rẹ̀. Kò fi pamọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnu ọ̀nà láàbù ló ti bá mi, ó fa híjáàbù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Àǹtí, òun rèé. Ẹ bá mi wò ó."

Wọ́n mú bíńtín níbẹ̀. Èmi fúnra mi ló dúró ti oníṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ìgò fọ́málìn lọ́wọ́, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n jẹ́ kí àwọn bá mi ṣe é, mo kọ̀. Èmi ni mo fi í sínú ìda, èmi ni mo gé e. Bí a bá fẹ́ ṣe aró yẹn, a máa ń fi ti obìnrin mìíràn tí a ti mọ èsì rẹ̀ sórí gíláàsì kan náà, kí a lè mọ̀ bóyá aró ń ṣiṣẹ́. Mo fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo da aró sí i, mo jókòó tì í.

Ti obìnrin kejì pọ́n bí tíì. Ti Sìkírátù dúró bí búlúù.

Dókítà Fọlákẹ́ wò ó, ó tún un wò, ó wá gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn. Ní tòótọ́, mo ti ń gbàdúrà pé kí aró ti bàjẹ́, kí fọ́málìn má ṣiṣẹ́, kí ẹ̀bi lè jẹ́ ti ọwọ́ wa. Kò sí èyí tó bàjẹ́. Hóró tó ń fi gbogbo ìrètí gbé mì kò ran ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ yìí lọ́jọ́ kan.

Ó gba kímò nígbà náà. Irun orí rẹ̀ re, Áísà sì fi ìbòrí rírán kan bò ó fún un, Sìkírátù ní ó mú òun dà bí Hájíyà olówó. Ṣùgbọ́n ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọjọ́ kan tí ó ń sùn ní wọ́ọ̀dù, Sánúsí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin náà ti rù hangogo. Ó ní, "Yaya, da ba mu binne shi ba, da ta samu sauƙi?"

Ó ń bi mí bóyá ara rẹ̀ ìbá yá ká ní wọn ò sin ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ rò ó wò fún mi. Ó lè jẹ́ pé búlúù náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ká ní a sì mọ̀, à bá ti fi kímò lé e kí ó tó rìn káàkiri ara. Ó lè jẹ́ pé ó pọ́n nígbà náà, tó yí padà lẹ́yìn náà, nítorí ó máa ń yí. Ó sì lè jẹ́ irú tó gbóná tó jẹ́ pé ohun yòówù kí a ṣe, á ṣì lọ. Èyí tó lè dá a lóhùn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ìyá rẹ̀.

"Ban sani ba, Sanusi," mo dá a lóhùn. Mi ò mọ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí ìtùnú. Ó mirí, ó padà lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni Sìkírátù kú, ní òwúrọ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún. Bí àwọn obìnrin ṣe ń palẹ̀ mọ́ láti wẹ̀ ẹ́, Sánúsí wá bá mi ní láàbù, ibi tí mo sá sí, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Yaya, akwai sauran jikinta a wajenki," ó ní. "Ki ba ni, in haɗa ta da shi."

Ara rẹ̀ tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ mi ni ó wá gbà, kí ó lè sin ín pẹ̀lú rẹ̀. Bíńtín ọrùn rẹ̀ yẹn wà nínú ìda, nínú dúrọ́ọ̀ wa. A máa ń tọ́jú wọn, nítorí ohun tó wà nínú ìda kì í bàjẹ́, ó lè lo ogún ọdún, kí a tún padà bi í léèrè ọ̀rọ̀. Mo fà á jáde. Kò tóbi ju gúgúrú kan lọ nínú ìda funfun. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Mo lè dákẹ́ kí n jẹ́ kó máa gbé e lọ. Àbúrò mi ni, èmi náà fẹ́ kó lọ pé. Ṣùgbọ́n mo ronú kan Áísà, mo sì sọ òtítọ́ fún Sánúsí. Mo ní irú èyí tó mú ìyá Áísà ní kékeré báyìí máa ń tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ nígbà míì, láti ìyá sí ọmọ. Mo ní àyẹ̀wò kan wà tó lè wá a nínú bíńtín yìí, kò tíì dé Zaria, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Bí ó bá dé, ìyẹn ló lè sọ bóyá kí Áísà máa ṣọ́ra láti ìsinsìnyí tàbí kí ó fọkàn balẹ̀. Bí èyí náà bá wọ ilẹ̀, a ò ní rí ohun tí a máa bi léèrè mọ́.

Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí. Ó wá bi mí pé, "Yana jin zafi?"

Ṣé ó ń dùn ún.

Mo ní rárá, kò dùn ún, kò lè dùn ún mọ́.

"To, a bar shi," ó ní. Kí a fi í sílẹ̀. Ó dá a padà sí ọwọ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ọwọ́ mi dé lé e lórí. "Amma idan kin shiga da safe, ki gaishe ta."

Pé bí mo bá wọlé láàárọ̀, kí n máa kí i.

Mo kí i. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo á kọ́kọ́ ṣí dúrọ́ọ̀ náà, mo á ní, "Sìkí, ṣé o jí ire?" kí n tó so aṣọ iṣẹ́ mi. Àwọn tó kéré nínú wa kọ́kọ́ ń wo ara wọn, lẹ́yìn náà wọn ò wò mọ́.

Mo ti wà nílé báyìí. Áísà ti dàgbà, ó ń bi mí nípa àyẹ̀wò náà nígbàkígbà tó bá wá, kò sì tíì dé Zaria. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, àyè mi ṣófo níbẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń kí Sìkí.